Ọwọ́ Irin Pupa

Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Wọ́n ti fi mí jẹ ọ̀gá. Adelé ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n àga kan náà ni, yàrá kan náà, fèrèsé kan náà tó kọjú sí àgbàlá. Ọ̀gá àgbà fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní ara òun ò yá. Ara ẹ̀ yá gágá nígbà tó ń yọ àwòrán àwọn ọmọ ẹ̀ kúrò lára ògiri, ó tiẹ̀ ń súfèé. Alága ìgbìmọ̀ wá pè mí lónìí, ó ní gbogbo wọn fẹnu kò pé èmi ló kàn, pé èmi ni obìnrin àkọ́kọ́ láti ìgbà tí iléeṣẹ́ ọṣẹ yìí ti wà. Ó sọ ọ́ bíi pé òun ló bí mi.

Mo dúpẹ́, mo jáde, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin, mo ti ilẹ̀kùn, mo jó. Ṣé mi ò ní jó ni? Ìsọ̀ ìdìpọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń di ọṣẹ sínú bébà, iṣẹ́ yẹn ni mo ń ṣe lójú ọ̀sán tí mo fi ń kàwé ní ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin mélòó ni mo ti kọ́ níṣẹ́ tí wọ́n sì ti fò mí kọjá. Ó kàn mí lónìí.

Ìyá mi ni kò jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀ tán. Mo pè é lórí fóònù, ó gbàdúrà, ó kọrin, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Àga tí èèyàn bá sáré dìde kúrò lórí ẹ̀, ọmọ mi, fọwọ́ gbá a kó o tó jókòó." Mo ní Màámi ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹfà

Àkókò tó le jù lọ́dún ni wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. A ti pa bọ́ílà, àgbá irin ńlá tó ń sọ omi di ooru, fún àtúnṣe, bí a ti máa ń ṣe nígbà òjò. Láìsí ooru ẹ̀, ìkòkò ọṣẹ kankan ò lè hó, torí náà èyí tó wà nílẹ̀ nìkan là ń dì, ó sì ti ń tán lọ. Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Keje la máa tún un tàn. Lọ́jọ́ yẹn gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí àgbàlá, ọ̀gá àgbà á fọwọ́ ara ẹ̀ yí ọwọ́ irin pupa tó ń tú ooru sílẹ̀, fèrè á dún, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é kí n tó débẹ̀. Wọ́n ní ọ̀gá tí kò bá lè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣí i, kò yẹ kó rán ọmọ ọlọ́mọ wọ ibẹ̀.

Lọ́dún yìí, ọwọ́ obìnrin ló máa yí i. Mo ti ń ro bàtà tí mo máa wọ̀.

Ẹtì, 7 Oṣù Kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Epo dísẹ́ẹ̀lì tún gbówó lórí. Mo wọ yàrá àwọn alábòójútó, ẹ̀rín ń lọ lọ́wọ́, bí mo ṣe yọjú báyìí, kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn bí ọmọ iléèwé. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹfà

Olórí àwọn ẹnjiníà wa fẹ́ rí ìjà mi. Kò-séwu ni gbogbo iléeṣẹ́ ń pè é, torí pé èsì kan ṣoṣo tó ní fún gbogbo ìbéèrè nìyẹn. Ojoojúmọ́ ayé ló máa ń wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá tó lọ, wọ́n á jọ máa mu tíì. Láti ìgbà tí mo ti jókòó síbẹ̀, mi ò rí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀. Mo ránṣẹ́ pè é, ó ní ọwọ́ òun dọ̀tí. Mo tún ránṣẹ́, wọ́n ní ó wà nínú bọ́ílà.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a fúnra mi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà gbàgà, kò jẹ́ kí n wọlé, ó ní ilẹ̀ ń yọ̀. Mo bi í pé báwo niṣẹ́. "Kò séwu, Mà." Bàtà mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Mo mọ irú ìwò yẹn. Ìgbà kan wà tó ní àkàbà kan ga jù fún mi lójú gbogbo èèyàn, odidi oṣù kan ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Ó jọ pé ẹ̀kọ́ yẹn ò wọ̀ ọ́ létí.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹfà

Wọ́n ti gbé e débi alùpùpù báyìí.

Yàrá bọ́ílà ló wà lábẹ́ ọ́fíìsì mi gan-an, fèrèsé mi sì wà lókè ògiri ẹ̀. Abẹ́ ẹ̀ làwọn ọkùnrin máa ń gbé alùpùpù wọn sí, torí pé òrùlé yọ síta níbẹ̀, òjò kì í débẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo wo ìsàlẹ̀, kò sí ẹyọ kan. Wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ lọ sí ìdí géètì, níta gbangba, òjò ń dà lé e lórí. Ẹ̀ṣọ́ pàápàá ti gbé bẹ́ǹṣì ẹ̀ kúrò. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí wọ́n jókòó lé tìmùtìmù tútù relé ju kí wọ́n gbé alùpùpù sábẹ́ fèrèsé obìnrin.

Àìkú, 16 Oṣù Kẹfà

Mo ro ẹjọ́ wọn fún ọkọ mi. Tíṣà ni, ó máa ń fẹ́ kí èèyàn ṣàlàyé bó ṣe dé ìdí ìṣirò. Ó ń fọ abọ́, ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀ pé torí mi ni wọ́n ṣe kó o kúrò. Mo ní ta ló tún wà níbẹ̀? Ó ní kí n bi wọ́n. Mo ní ọ̀gá kì í lọ máa bi ẹ̀ṣọ́ pé kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ràn mi. Ó ní kì í ṣe ohun tí òun ní kí n bi wọ́n nìyẹn. Inú bí mi, mo lọ sùn lọ́sàn-án.

Ajé, 17 Oṣù Kẹfà

Mo lẹ àṣẹ mọ́ ẹnu géètì: alùpùpù yòówù tí kò bá sí lábẹ́ ògiri bọ́ílà, kó má wọ ọgbà mọ́.

Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹfà

Wọ́n fẹsẹ̀ rìn wá. Gbogbo wọn, nínú òjò. Omi ń ro tótó lára wọn, kò sẹ́ni tó ráhùn, kò sẹ́ni tó wòkè. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò wọ́n, fún ìgbà àkọ́kọ́ ara mi bù máṣọ, mi ò sì mọ ìdí.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹfà

Wọ́n dáná díẹ̀ sí bọ́ílà lónìí láti dán an wò. Omi inú ife tó wà lórí tábìlì mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí ẹnì kan bá wà nínú irin tó ń fi òòlù kan ilẹ̀kùn pé kí wọ́n ṣí fóun. Wọ́n pa iná náà kíákíá.

Nígbà tí mo máa wolẹ̀, gbogbo àwọn obìnrin ìsọ̀ ìdìpọ̀ ti wà ní àgbàlá. Ògiri kan ló wà láàárín ìsọ̀ wọn àti bọ́ílà. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n jáde. Mo yọrí síta, mo pariwo mọ́ Ìyá Kékeré, olórí wọn, pé ṣé torí pé ọ̀kan nínú yín ló wà lókè yìí lẹ ṣe fẹ́ sọ iṣẹ́ di eré? Ìyá Kékeré ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ọṣẹ, ó máa ń fún mi nínú oúnjẹ ẹ̀. Ó wò mí títí. "Ó dáa, Mà." Kò pè mí ní Mà rí. Ó kó wọn wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹfà

Kò-séwu wá. Ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé, kò jókòó. Ó ti fọ ọwọ́ ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ yí àṣẹ alùpùpù yẹn padà. Kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń sá fún."

Mo ní ta ni wọ́n wá ń sá fún? Ó na ìka sílẹ̀, sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi.

Ó wá tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìpẹtà ti jẹ àwọn páìpù inú bọ́ílà tán, ó ti lé lọ́dún méjì. Ó ti sọ fún ọ̀gá tó lọ, ìyẹn ní kó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ná. Ó lẹ̀ ẹ́ títí kò fi síbi tí wọ́n tún lè lẹ̀ mọ́. Lọ́dún yìí, nígbà tí wọ́n tú u, àwọn ọmọ abẹ́ ẹ̀ rí i, ọ̀rọ̀ sì ti rìn ká iléeṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ó lè bú gbàmù nígbàkigbà tí iná bá ti wà nínú ẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi?

"Mo fẹ́ sọ ọ́, Mà. Mo rò pé ẹ ó ní torí pé ẹ jẹ́ obìnrin ni mo ṣe fẹ́ fi bọ́ílà dẹ́rù bà yín. Àkàbà lásán, ẹ rántí ohun tójú mi rí."

Ọkùnrin yìí lè sọ ọ́, kò sọ ọ́, torí pé ó ń bẹ̀rù ìbínú mi. Èmi náà lè bèèrè, mi ò bèèrè, torí pé mo ti mọ èsì tí mo fẹ́ gbọ́. Mo rántí ariwo tí mo pa mọ́ àwọn obìnrin yẹn lánàá.

Ẹtì, 21 Oṣù Kẹfà

Mo wọ bàtà òjò, mo wọ inú bọ́ílà lọ pẹ̀lú Kò-séwu. Ó fún mi ní òòlù kékeré, mo kan páìpù kan jẹ́jẹ́, èèpo irin bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí èèpo igi gbígbẹ. Mo kan òmíràn, bákan náà. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin ìsọ̀ ìdìpọ̀ lẹ́yìn ògiri.

Kò-séwu ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun máa fi pààrọ̀ gbogbo ẹ̀, tí wọ́n bá ra páìpù. Mo ya àṣẹ mi kúrò lẹ́nu géètì.

Ajé, 24 Oṣù Kẹfà

Mo lọ bá Alága nílé. Mo sọ gbogbo ẹ̀ láìfi kan bò. Ojú ẹ̀ ò yí padà rárá, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ti gbọ́ ọ rí. Ó ní nǹkan àtijọ́ ló máa ń ké, òun náà máa ń ké tóun bá fẹ́ dìde. Ó rẹ́rìn-ín tán, ó ní àwọn oníbàárà ńlá ń bọ̀ wá wò wá lọ́jọ́ yẹn, tí ooru ò bá jáde, ibòmíràn ni wọ́n ń lọ.

"Mo jà fún ẹ nínú ìgbìmọ̀ yẹn," ó ní. "Wọ́n ní obìnrin á bẹ̀rù, mo ní ìwọ kọ́. Má dójú tì mí."

Ó wá fa dúróà yọ, ó gbé pátákó ilẹ̀kùn síwájú mi, idẹ tó ń dán, orúkọ mi lára ẹ̀, Ọ̀gá Àgbà lábẹ́ ẹ̀, kò sí adelé níbẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí mo bá yí ọwọ́ irin yẹn lòun máa kàn án mọ́ ilẹ̀kùn lójú àwọn àlejò.

Ó rẹwà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́. Mo fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kẹfà

Mo pe ọ̀gá tó lọ. Ó sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru fún mi títí. Mo ní ṣé torí bọ́ílà lẹ ṣe lọ?

"Mo lọ́mọ," ó ní.

Mo ní èmi náà bímọ. Ó ní Kò-séwu lòun rò pé wọ́n máa gbé ipò náà fún. Ó ní kí n má bínú. Ó ní kí n kí bàbá àwọn ọmọ.

Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹfà

Òjò dá, oòrùn mú. Gbogbo òwúrọ̀ ni mo fi ń bá ara mi jiyàn. Bọ́ílà yẹn gbé e ní èṣí, ó lè gbé e lọ́dún yìí. Mo lè ní kí ìsọ̀ ìdìpọ̀ gba ìsinmi lọ́jọ́ Ajé, kí èmi nìkan yí i, kó jẹ́ pé tó bá máa ṣẹlẹ̀, orí mi ni. Ó dáa, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́? Lọ́jọ́ Ọjọ́rú ńkọ́? Mo mọ èsì ẹ̀, mo kàn ń yí i ká bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n gbàgbé láti mọ odi sí ni.

Ìyá Kékeré wá lọ́sàn-án. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ fún ti Ọjọ́rú ọjọ́sí, ó fà mí dìde. A sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, a sọ̀rọ̀ orúnkún ẹ̀. Ó ti ń wọ bàtà kó tó sọ ohun tó bá wá.

"Tó o bá ní ká wọlé lọ́jọ́ Ajé, a ó wọlé. A mọ ibi tó o ti bẹ̀rẹ̀. A ò ní jẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ rẹ́rìn-ín."

Ó lọ tán, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sunkún bí ọmọdé. Ká ní wọ́n bú mi ni, mi ò bá mọ ohun tí mo máa ṣe.

Ajé, 1 Oṣù Keje

Mo ní kí gbogbo ìsọ̀ ìdìpọ̀ wà ní àgbàlá, kí ẹnikẹ́ni má ṣẹ́kù sínú ilé. Àwọn àlejò jókòó sábẹ́ ìbòrí, Alága sọ̀rọ̀ nípa ìlọsíwájú àwọn obìnrin, wọ́n pàtẹ́wọ́. Iná ti ń jó láti ìdájí. Ìró òòlù yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ó ń wá, ó ń dá, ó tún ń wá, àwọn àlejò rò pé bó ṣe máa ń dún nìyẹn.

Wọ́n pè mí. Mo rìn lọ sídìí ọwọ́ irin pupa, mo dì í mú. Ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi.

Mo yíjú sí wọn. Mo ní, "Wọ́n ní ọ̀gá tí kò bá lè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣí i, kò yẹ kó rán ọmọ ọlọ́mọ wọ ibẹ̀. Mi ò ní ṣí i. Mi ò sì ní rán ẹnikẹ́ni." Mo ní kí Kò-séwu pa iná.

Alága sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rín ṣì wà lójú ẹ̀ torí àwọn àlejò, ó fẹnu sí mi létí: "Yí i." Mo sún sẹ́yìn, mo ní, "Ẹ bá mi yí i, sà." Ó na ọwọ́. Ó ku bí ìka mẹ́ta kó kan irin náà nígbà tí nǹkan kan nínú lọ́hùn-ún tún kan gbàgà. Ọwọ́ ẹ̀ dúró lófuurufú. Ó pe Kò-séwu pé kó wá yí i. Kò-séwu ṣí fìlà, ó fi sábẹ́ abíyá. Ó ní òun ò lè ṣe é, kí wọ́n má bínú. Ó lọ pa iná.

Àwọn àlejò dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wọ bàtà tuntun mi wálé, ó ti bó mi lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Keje

Ìgbìmọ̀ jókòó láìpè mí. Wọ́n ní mo dójú ti iléeṣẹ́ lójú àlejò, pé ojora ò jẹ́ kí n ṣe bí ọ̀gá. Mo padà sí ipò igbákejì tí mo wà tẹ́lẹ̀. Akọ̀wé mi bá mi kó ẹrù, kò lè wò mí.

Ẹtì, 12 Oṣù Keje

Ọ̀gá tuntun dé. Ọkùnrin ni, kò tíì pé ogójì ọdún, ọmọlúàbí ni. Ó ní kí n mú òun rìn yí ká, mo mú un dé ìdí bọ́ílà, mo sọ ohun gbogbo fún un, Kò-séwu fi páìpù hàn án. Ní ìrọ̀lẹ́ ó pe Alága lójú mi, ó ní òun ò ní jókòó sórí àga náà àfi tí wọ́n bá pààrọ̀ àwọn páìpù yẹn. Wọ́n gbà. Lórí fóònù. Tíì tí mò ń mu ò tíì tutù.

Ajé, 5 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n tan bọ́ílà. Kò kan gbàgà, kò gbọ̀n, ó ń kùn jẹ́jẹ́. Ọ̀gá tuntun yí ọwọ́ irin, fèrè dún. Àwọn oníbàárà ńlá wá, kò sí èyí tó lọ síbòmíràn. Alága ní ká pàtẹ́wọ́ fún ọ̀gá tó ríran jìnnà, tó fi ẹ̀mí òṣìṣẹ́ ṣáájú èrè. Mo pàtẹ́wọ́. Ìyá Kékeré kò pàtẹ́wọ́, àwọn obìnrin ẹ̀ náà ò sì pa á. Ọ̀gá tuntun wá bá mi lẹ́yìn náà, ojú ń tì í, ó ní òun á sọ òtítọ́ fún wọn lọ́jọ́ kan. Mo ní kó má ṣèyọnu. Ó gbà kíákíá.

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Kẹjọ

Alága dá mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ọ̀gá iléeṣẹ́ wa kejì, èyí tó wà létí omi, fiṣẹ́ sílẹ̀ lánàá. Ìgbìmọ̀ ti sọ̀rọ̀ ẹ̀, èmi ni wọ́n fẹ́. Kì í ṣe adelé o, ọ̀gá pátápátá. Mo bi í pé kí ló ń ṣe ibẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé èyí tó bá bàjẹ́ nìkan la máa ń gbé fún ẹ ni?"

Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ta ni wọ́n kọ́kọ́ bi kó tó kàn mí. Ó wo aago ọwọ́ ẹ̀. Ó ní wọ́n bi àwọn mẹ́ta kan, ọ̀rọ̀ ẹbí ni kò jẹ́ kí wọ́n lè gbà á. Mo ní kó fún mi di ọjọ́ Ajé.

Mo sọ ọ́ nílé nígbà tí a ń jẹun. Ọkọ mi ò tiẹ̀ ní kí n ṣàlàyé, ó kàn ní kí n má lọ, ó bẹ̀ mí. Mo pe ìyá mi, òun náà ní kí n má lọ. Mo ní ó dáa, mi ò ní lọ, mo máa sọ fún Alága lọ́jọ́ Ajé. Ara tu gbogbo wọn, ọmọbìnrin mi bẹ̀rẹ̀ sí í dápàárá.

Irọ́ ni mo pa fún wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni mo ti mọ ohun tí mo máa sọ. Bí Alága ṣe wo aago ọwọ́ ẹ̀ kó tó dáhùn ti fi yé mi pé nǹkan kan ń bẹ létí omi lọ́hùn-ún tó lè pa èèyàn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ara mi ló ń bà mí jù. Mo fẹ́ àga náà. Mo ṣì fẹ́ ẹ.